Láti Ara Igi Ìrẹ́ Dé Ara Ẹ̀gẹ́: Ìtàn Rọ́bà, Ike àti Ọ̀rá Tí Kì Í Jẹrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu ìrẹsì àti ẹ̀bà fún oníbàárà. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin náà ṣẹ lórí àwọn ike àti ọ̀rá mìíràn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ń sọ nù. Ẹni tó bá ti rí gọ́tà Èkó lẹ́yìn òjò ńlá kò ní béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì rí ìdáhùn tó kún: kí ni kí àwọn ènìyàn wá máa fi di nǹkan?

Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń mú wá ni ike tí a ṣe láti ara ohun ọ̀gbìn: àgbàdo, ìrèké, ẹ̀gẹ́, àní èèpo edé pàápàá. Bí ohun tuntun ni wọ́n ń sọ ọ́ létí wa. Kì í ṣe tuntun. Kí epo rọ̀bì tó di baba ike, ara igi àti ara ẹranko ni gbogbo ayé ti ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, igbó ilẹ̀ Yorùbá sì ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn náà ní nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn. Ipa náà mú owó wọlé, ṣùgbọ́n kò gbẹ̀yìn rere. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí a tó pàtẹ́wọ́ fún ike tuntun, ó yẹ kí a mọ ìtàn ti àtijọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí ojú kò rí

Rọ́bà, ike, ọ̀rá, òwú, irun orí wa: orúkọ ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míísírì ń pe gbogbo wọn, ìyẹn pọ́límà. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ti mọ ohun tí pọ́límà jẹ́. Hóró ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo kò ṣeé ró mọ́ ìdí. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọ̀pọ̀ hóró, tí a sín wọn tẹ̀lé ara wọn, wọ́n di ohun ọ̀ṣọ́ tó lágbára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pọ́límà rí: àwọn hóró kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí ọ̀kan di èkejì mú títí wọ́n fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Irú hóró tó wà nínú ẹ̀wọ̀n náà, bí ó ṣe gùn tó, àti bí ẹ̀wọ̀n kan ṣe so mọ́ òmíràn ló ń pinnu bóyá ohun tí a rí yóò rọ̀ bí ọ̀rá tàbí yóò le bí ike àga. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìṣẹ̀dá ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ yìí kí ọmọ ènìyàn tó dáyé. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ àti òwú tí a fi ń hun aṣọ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí a fi hóró ṣúgà kan náà sín. Ọ̀nà tí hóró kan gbà so mọ́ èkejì nìkan ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí òwú dà nínú ikùn wa bí ẹ̀bà ṣe ń dà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ohun tí a óò sọ nísàlẹ̀: ohun tí a fi ṣe nǹkan kò tó láti sọ bí yóò ṣe jẹrà, bí a ṣe so ó pọ̀ náà ṣe pàtàkì.

Ọdún tí igbó wa di ọjà

Igi ìrẹ́ kì í ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Igi náà fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, nítorí náà lára rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ère ìbejì ti jáde. Bí a bá fi àdá sá èèpo rẹ̀, oje funfun a sun jáde bí wàrà. Oje yẹn, bí ó bá ti dì, rọ́bà ni.

Àwọn òyìnbó ti mọ irú oje bẹ́ẹ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Charles Marie de La Condamine, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Paris ní ọdún 1736, Joseph Priestley sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1770 pé ó dára fún pípa ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ rẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń yọ́ bí oòrùn bá mú, ó sì ń le gbagidi bí òtútù bá dé. Ọdún 1839 ni Charles Goodyear, ọmọ Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, àbùkù méjèèjì yóò lọ. Imí-ọjọ́ náà ń ṣe afárá láàárín ẹ̀wọ̀n kan àti òmíràn, tí wọn kò fi ní yọ̀ kọjá ara wọn mọ́. Nígbà tí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan ní Belfast, wá gba ìwé ẹ̀rí táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní ọdún 1888, gbogbo ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà.

Èkó gbọ́. Gómìnà Alfred Moloney ti tẹ ìwé jáde ní ọdún 1887 lórí ọrọ̀ tó wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ní ọdún 1894, Captain George Denton, tó ń ṣe adelé gómìnà, ké sí àwọn ará Gold Coast tó mọ bí a ṣe ń gba oje rọ́bà pé kí wọ́n wá wo igbó wa. Wọ́n wò ó, wọ́n sì rí igi ìrẹ́ níbẹ̀ lọ súà.

Àsìkò náà bọ́ sí i. Ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ti ṣí lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun tí ìbọn ti jẹ́ iṣẹ́ wọn ní Ìbàdàn sì ń wá ohun tí wọn yóò máa fi jẹun. Wọ́n gbé àdá, wọ́n wọ igbó. Ọjà tí kò ní láárí ní ọdún 1893 wá di ọba ọjà. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde wúwo ju pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5 lọ, èyí tó lé ní tọ́ọ̀nù 2,200. Owó rẹ̀ sì súnmọ́ 270,000 pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ìrẹ́ kì í ṣe odò. Ẹni tó fẹ́ kó oje púpọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo a sá igi náà láti ìdí dé òkè. Ẹlòmíràn a gé e lulẹ̀ pátápátá, nítorí pé bí òun bá fi í sílẹ̀, aládùúgbò òun ni yóò gbà á. Igi tó bá gba irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í yè. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ jù lọ igi ìrẹ́ tí wọ́n ti gba oje lára wọn ní agbègbè Èkó ti kú, ọjà náà sì ti ń wọmi.

A tilẹ̀ lè sọ pé orí yọ wá. Ní Kóńgò, níbi tí Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù ti sọ odindi ilẹ̀ di oko ara rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ àwọn ènìyàn nítorí rọ́bà, wọ́n dáná sun abúlé, ariwo náà sì gba ayé kan kí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù tó gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọba ní ọdún 1908. Lápá kejì ayé, irúgbìn rọ́bà nǹkan bí 70,000 tí Henry Wickham kó kúrò ní Bràsíl lọ sí ọgbà Kew ní ọdún 1876 ti di oko ńláńlá ní Màléṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Nígbà tí àwọn igi oko wọ̀nyí dàgbà, rọ́bà inú igbó kò lè bá wọn du ọjà mọ́, yálà ti Bràsíl ni tàbí tiwa.

Kí ló kù fún wa? Oje tútù ni a tà. Táyà, bàtà òjò àti rọ́bà ìdí ọkọ̀ ni a rà padà. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ìrẹ́ kọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó kú.

Bí epo rọ̀bì ṣe gbàjọba

Ike àkọ́kọ́ pẹ̀lú, ara ohun ọ̀gbìn ló ti wá. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù eré bílíádì, erin sì ń kú lọ ràì. Ilé iṣẹ́ kan ní New York ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí ohun mìíràn tí a lè lò. Alexander Parkes ti gbé ike tí ó fi òwú ṣe hàn níbi àfihàn ńlá London ní ọdún 1862. Ní ọdún 1869, John Wesley Hyatt po òwú tí a ti fi ásíìdì tọ́jú pọ̀ mọ́ káńfọ̀, ohun tó rí ni wọ́n ń pè ní celluloid. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìyarí, eyín àtọwọ́dá àti fíìmù sinimá ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Jámánì, ní ọdún 1897, àwọn méjì kan fi wàrà màlúù ṣe ike tí a fi ń ṣe bọ́tìnì. Ẹ wò ó: òwú àti wàrà. Kò sí epo rọ̀bì níbẹ̀.

Ìyípadà dé ní ọdún 1907. Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe Bakelite, ike àkọ́kọ́ tí a kò gba ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lára ẹ̀dá abẹ̀mí kankan. Ènìyàn ló sín gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú kẹ́míkà tó jẹ yọ lára èédú. Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí òun ń sín dájú. Ọdún 1920 ni Hermann Staudinger, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Jámánì, sọ pé ẹ̀wọ̀n gígùn ni rọ́bà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1953, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Lẹ́yìn tí ọ̀nà ti là, gbogbo nǹkan yára. Wallace Carothers ní ilé iṣẹ́ DuPont ṣe náílọ̀n ní ọdún 1935. Orúkọ yẹn ni àwa ń pe gbogbo ọ̀rá ní ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe náílọ̀n ni ọ̀rá tí a fi ń di ẹ̀pà àti omi. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni pọ́lítíìnì. Èèṣì ni wọ́n fi rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson ti gáàsì mọ́ inú ìkòkò irin kan pẹ̀lú agbára ńlá, wọ́n ń wá nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ohun funfun kan bí àbẹ́là ló kù nínú rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wáyà ẹ̀rọ radar ni wọ́n fi bò. Ní ọdún 1953, Karl Ziegler ní Jámánì rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é láìlo agbára ńlá mọ́, ó sì di ohun tí owó kékeré ń rà. Ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ kan ní Súwídìn gba ìwé ẹ̀rí fún àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí a mọ̀ lónìí.

Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ike. Ó gba erin là lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bílíádì. Ó mú kí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó mú kí omi tó mọ́ dé ibi tí páìpù ìjọba kò dé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ohun tí a yìn ín fún, pé kì í jẹrà, ni ó wá di ẹ̀sùn rẹ̀.

Ohun tí kì í jẹrà

Kí ló dé tí ewé fi ń jẹrà tí ọ̀rá kì í fi í jẹrà? Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ti ń jẹ ewé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Wọ́n ní ọ̀bẹ tó bá oríkèé ẹ̀wọ̀n ewé mu. Pọ́lítíìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Oríkèé rẹ̀ kò rí bí èyí tí wọ́n mọ̀. Oòrùn lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ náà, ọ̀rá ni síbẹ̀.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Roland Geyer, Jenna Jambeck àti Kara Lavender Law, ṣe ìṣirò gbogbo ike tí ayé ti ṣe láti ọdún 1950 sí 2015. Ó jẹ́ tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 8.3. Nínú èyí tó ti di pàǹtírí, ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni a tún ṣe. Wọ́n sun ìdá 12. Ìdá 79 tó kù wà lórí ààtàn tàbí nínú igbó, odò àti òkun. Ìrètí díẹ̀ wà: ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Jàpáánì kéde kòkòrò kan tí wọ́n rí ní ìlú Sakai, tó lè jẹ ike ìgò omi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de kòkòrò kí ó wá gbá ọjà fún òun yóò pẹ́ nínú ẹ̀gbin.

Ìpadàbọ̀ sí oko

Nígbà tí ayé ń sáré tẹ̀lé epo rọ̀bì, àwọn díẹ̀ kò kúrò lórí ọ̀nà àtijọ́. Ní ọdún 1926, Maurice Lemoigne ní Institut Pasteur ní ilẹ̀ Faransé sọ ohun tó rí nínú ara kòkòrò àìfojúrí kan: bí oúnjẹ bá pọ̀ fún un, yóò kó o pamọ́ sí ara bí ènìyàn ṣe ń sanra, ṣùgbọ́n ọ̀rá ara rẹ̀ jẹ́ ike. Ike náà dára, ó sì ń jẹrà, nítorí pé oúnjẹ ni ó jẹ́ fún àwọn kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbà tó ọgọ́ta ọdún ó lé kí ìgò ọṣẹ ìfọrun tí a fi irú rẹ̀ ṣe tó dé orí àtẹ ní Jámánì, ní ọdún 1990. Owó rẹ̀ ga ju ti epo rọ̀bì lọ, kò sì rí ẹsẹ̀ walẹ̀.

Èkejì ni a lè pè ní ọmọ ìyá ògì. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ògì bá ṣe ọjọ́ díẹ̀ nínú omi, yóò kan. Ásíìdì tó ń mú un kan náà ni hóró tí wọ́n ń sín láti fi ṣe ike tí a ń pè ní PLA. Carothers ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1932, kò rí i ṣe kó le tó. Ilé iṣẹ́ Cargill ní Amẹ́ríkà tún gbé e dìde ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní ọdún 2002 sì ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi àgbàdo ṣe é bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Blair, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Ní Bràsíl, ilé iṣẹ́ Braskem bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010 sí í fi ọtí ìrèké ṣe pọ́lítíìnì, 200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Láti ìparí ọdún 2018 ni Táílándì náà ti ń fi ìrèké tirẹ̀ ṣe PLA ní agbègbè Rayong, 75,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Kì í ṣe àpò àti abọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìlọsíwájú tó jinlẹ̀ jù ni ti pọ́límà tí a fún ní iṣẹ́ ṣe. Ìyá tó ti bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ lè rántí pé dókítà sọ fún òun pé òwú kan wà nínú ara òun tí kò ní sí ìdí láti yọ. Ọ̀kan lára àwọn òwú bẹ́ẹ̀, tó ti wà láti àwọn ọdún 1970, ní ásíìdì inú ògì yẹn nínú. Ara ń tú ẹ̀wọ̀n náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná. Láti ara èèpo edé àti akàn ni wọ́n ti ń rí chitosan, tí a fi ń ṣe aṣọ ìdíjú ọgbẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Pọ́límà tó ń yàn tún wà. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ní Yunifásítì California ní Los Angeles fi ohun tó wá láti ara òwú àti igi ṣe awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá tí iyọ̀ kò sì lè kọjá. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ sísọ omi òkun di omi mímu ti gbòòrò, àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní ilẹ̀ wa sì ń lo irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1972, Günter Wulff ní Jámánì fi hàn pé a lè mọ pọ́límà yí mólékù kan ká, kí a wá yọ mólékù náà, kí àyè rẹ̀ sì ṣẹ́ kù bí ihò kọ́kọ́rọ́. Bí irú mólékù yẹn bá tún kọjá, pọ́límà náà yóò dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò sì dì í mú. Àwọn onímọ̀ ń lo ọgbọ́n yìí láti wá májèlé nínú omi àti oògùn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé: pọ́límà kan ló fọ omi náà mọ́, pọ́límà mìíràn ni a fi dì í, èkejì yìí ni ó sì dí gọ́tà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan olùrà ni èyí. Bí oníṣòwò kan bá tẹ̀ ẹ́ sára àpò pé ara ohun ọ̀gbìn ni a ti rí i, kò sọ pé yóò jẹrà. Pọ́lítíìnì ìrèké ti Bràsíl kò yàtọ̀ sí ti epo rọ̀bì nínú ìṣesí. Bí ó bá bọ́ sínú ọ̀sà, yóò pẹ́ níbẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìrèké ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ra nígbà tó ń dàgbà. PLA ní tirẹ̀ ń jẹrà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ilé ìjẹrà tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gọ́tà Muṣin kì í ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí a bá kó abọ́ PLA wọlé láti òkè òkun, tí a sì ń jù ú sí títì, àlejò olówó gọbọi ni a gbà tí ìwà rẹ̀ kò sàn ju ti onílé lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà. Orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo àgbáyé. Ní Indonéṣíà, wọ́n ti ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe àpò ìkọ́jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbọ́ èyí tí yóò sì kígbe pé Olúwa ti pèsè. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ọ̀rá bá ń bá ẹlẹ́gàrí du ẹ̀gẹ́, ta ni yóò borí? Olówó ni. Nítorí náà, èèpo tó ń jẹrà lẹ́yìn ilé gàrí, pòròpórò àgbàdo àti háhá ìrèké ló yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ sí, kí ó tó kan iṣu ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ewé. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín jẹ́ pọ́límà tí igbó ṣe fún wa láìgba owó iná. N kò sọ pé kí a fi ewé bu ọbẹ̀ rọ́ńdọ́rọ́ńdọ́ kọjá afárá Èkó. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín tó wà nínú ewé láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni a wá a lọ sínú ọ̀rá tí à ń sè lórí iná?

Kí ìrẹ́ má kú lẹ́ẹ̀kejì

Ohun tí ọdún 1895 kọ́ wa ju pé kí a má gé igi lọ. Àwọn tó gba oje ìrẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n rí ọjà, wọ́n sì ta á. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò sọ iye tó yẹ kí a gbà lọ́dún kan, ẹni tí yóò gbin òmíràn rọ́pò, àti ilé iṣẹ́ tí yóò sọ oje di ọjà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Gómìnà tó ń ṣe àkóso nígbà náà ń ka iye tó jáde ní èbúté. Kì í ṣe iye tó kù nínú igbó ni ó ń kà.

A gbìyànjú lẹ́yìn náà. Ilé iṣẹ́ táyà dé Ìkẹjà àti Port Harcourt, a sì ń fi rọ́bà ilẹ̀ wa ṣe táyà fún ara wa. Ní ọdún 2007, Michelin dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2008, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Àìsí iná mànàmáná àti táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wà lára ohun tó fà á. Rọ́bà tún padà sí bí ó ti wà: a ń ta oje, a ń ra táyà.

Bí ẹ̀gẹ́ yóò bá wá di ike lọ́la, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, yálà ìjọba ni tàbí oníṣòwò. Níbo ni yóò ti jẹrà, ta ni yóò sì kọ́ ilé ìjẹrà náà? Ṣé iṣu ẹ̀gẹ́ ni yóò jẹ ni tàbí èèpo rẹ̀? Ìlú wo ni ilé iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di ike yóò wà: ní Ògùn àti Ọ̀yọ́, tàbí ní ibi tí a óò ti máa fi ọkọ̀ ojú omi kó o padà wá bá wa ní ìlọ́po iye rẹ̀? Àwọn ará Táílándì gbin ìrèké, wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ sí ilẹ̀ ara wọn. Bràsíl ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àwámáàrídìí.

Òfin tó ní kí a má lo abọ́ fóòmù mọ́ dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í di oúnjẹ. Ẹni tó bá gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ gbọ́dọ̀ fi òmíràn lé e lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò ní gbé èrè ọjọ́ náà mì, tí kò sì ní tún dí gọ́tà. Ewé wà nínú igbó, èèpo ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ilé gàrí, àwọn ọmọ wa tó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míísírì sì wà nílé tí wọn kò ríṣẹ́. Ìrẹ́ ti kú lẹ́ẹ̀kan lójú wa. Kò yẹ kí ẹ̀gẹ́ kú tẹ̀lé e.